Rúùmeètì wa ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí ríṣíìtì: ṣé àwa tó kù á tún san kọmíṣọ̀n?

ỌmọAbúléỌjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ò jẹ́ kí n ríwèé kà mọ́, ìdánwò sì ti dé tán. Àwa mẹ́rin là ń gbé fláàtì oníyàrá méjì kan ní Abúlé Ọjà, ẹ̀yìn Unilag níbẹ̀, méjì méjì nínú yàrá. 1.2 mílíọ̀nù ni réǹtì nígbà tá a wọlé, wọ́n wá gba ágírímẹ́ǹtì 120,000, kọmíṣọ̀n 120,000, káṣọ̀n fíì (owó ìdúró tí onílé ń dá padà téèyàn bá ń kó jáde) 100,000, gbogbo ẹ̀ já sí 385,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, Ẹ̀gbọ́n là ń pè é, òun ló bá wa wá ilé yẹn, òun ló ń bá ajẹ́ǹtì sọ̀rọ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ orúkọ ẹ̀ sórí ríṣíìtì, wọ́n wá fi "& 3 Others" tẹ̀ lé e. A ò kà á sí nígbà yẹn, ta ló ń wo ríṣíìtì nígbà tá ò tíì ní mátíràsì tá a máa sùn lé. Ní báyìí Ẹ̀gbọ́n ti ṣe tán, ó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, réǹtì sì ń parí ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ajẹ́ǹtì ní réǹtì ti di 1.5 mílíọ̀nù, ìyẹn nìkan kọ́, ó ní ẹni tí òun mọ̀ nílé yẹn ti ń lọ, nítorí náà àwa mẹ́ta tó kù àti ẹni tó bá fẹ́ wọlé ti di tẹ́náǹtì tuntun nìyẹn, ká san ágírímẹ́ǹtì 150,000 àti kọmíṣọ̀n 150,000 lákọ̀tun, ká sì san ọdún méjì pa pọ̀. Ọdún méjì! 3 mílíọ̀nù! Bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú, ibo ló ti fẹ́ rí tèmi nínú ẹ̀?

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé Ẹ̀gbọ́n ti mú ọmọ kan wá rọ́pò ara ẹ̀, ọmọ two hundred level, ó ti gba 435,000 lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dá wa lóhùn rárá. Ó ní 375,000 ni réǹtì, 25,000 ni káṣọ̀n fíì òun, 35,000 ni owó òun tó wà lórí fíríìjì. A ò tíì rí ọmọ náà sójú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ṣùúrùlérè

"& 3 Others" kẹ̀ 😂😂 bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí pósítà eré nìyẹn, wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó gbajúmọ̀ tán wọ́n á ní "àti àwọn mìíràn". Ẹ̀yin ni àwọn mìíràn o. Àmọ́ ní ti ọdún méjì yẹn, ẹ má tiẹ̀ dá a lóhùn, òfin Èkó ní oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbélé tẹ́lẹ̀.

Ajẹ́ǹtìYábàá

Kẹ́ ẹ tó pe gbogbo wa lólè, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Kọmíṣọ̀n, owó ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó rìn tó wá ilé fún èèyàn ló ń gbà á, tẹ́ẹ̀nì pasẹ́ǹtì réǹtì ọdún tó wọlé, ó sì tán síbẹ̀. Tọ́dún bá yí po tẹ́ ẹ fẹ́ san òmíì, kí ni ajẹ́ǹtì rìn? Ẹ̀gbọ́n yín ló wá ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀, ajẹ́ǹtì ò mú ẹnikẹ́ni wá wo ilé, kò jó epo kankan. Ti ágírímẹ́ǹtì yàtọ̀ díẹ̀ torí orúkọ máa yí padà nínú ìwé, ẹnì kan á jókòó táìpù ẹ̀, ẹ lè fún un ní nǹkan, ṣùgbọ́n 150,000 torí orúkọ ẹyọ kan, ìyẹn ti kúrò ní iṣẹ́.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé bàbá onílé fúnra ẹ̀ ló sọ pé ọdún méjì, àbí ẹnu ajẹ́ǹtì lẹ ti gbọ́ ọ?

ỌmọAbúléỌjà

Ẹnu ajẹ́ǹtì ni o. A ò rí bàbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọjọ́ tó wá wo omi tó ń jò láti balùwẹ̀ wa sórí àwọn ti ìsàlẹ̀. Mùṣín ló ń gbé, mi ò mọ ojúlé ẹ̀.

Ajẹ́ǹtìYábàá

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wá ojúlé ẹ̀.

OníléBárígà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo nílé náà fẹnu sí i, ká má máa gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá. Ọmọ iléèwé ni mo ń fi fláàtì mi fún ní Bárígà níbí. Lọ́dún kan mo fún àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ní ọ̀kan, ọmọ dáadáa, tí wọ́n bá ti rí mi wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọdún kejì tí mo yà síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, bàtà tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà, mo kà á, ó jẹ́ mọ́kànlá, mi ò ka sílípáàsì balùwẹ̀ mọ́ ọn o. Nínú mẹ́rin tí mo gbà sílé, ẹyọ kan ló kù, àwọn tó kù ti ta ààyè wọn fún ẹlòmíì bí ìgbà tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù. Súkáwéè tó máa ń pé ọdún kan kó tó kún, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń pe ọkọ̀ tó ń fà á. Ẹni tí mo bá nílẹ̀ tí mo ní "ìwọ ta ni?", ó dá mi lóhùn pé "mummy, ẹ̀yin náà ta ni?" Nínú ilé mi!

Ìdí nìyẹn tí ara onílé kì í fi í gba "rúùmeètì mi ń lọ, ẹlòmíì ń bọ̀". Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ẹ̀gbọ́n yín yẹn tó gbowó ilé lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ láì sọ fún onílé, ó ti di onílé lórí onílé. Tó bá jẹ́ tèmi ni, owó yẹn á kọ́kọ́ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín ká tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ mú ọmọ yẹn dání, kẹ́ ẹ jọ lọ bá bàbá, kó mú káàdì iléèwé ẹ̀ lọ, kó fi nọ́ńbà òbí ẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì lọ fi òfin lẹ́nu o, àgbàlagbà lẹ ń lọ bá.

ArẹwàAkọka

Mummy, ẹ ṣeun mà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ọmọ yìí lè fi kọ́gbọ́n. Báyìí gan-an ló ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa, àwa obìnrin mẹ́rin, orúkọ ẹnì kan ló wà lórí ríṣíìtì. Nígbà tó fẹ́ lọ ó dá lọ bá ajẹ́ǹtì ní ìdákọ́ńkọ́, ó ní àwọn ti ń kó jáde, ó gba káṣọ̀n fíì 80,000 tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá. A ò mọ nǹkan kan. Ìgbà tá a fẹ́ san ti ọdún kejì ni ajẹ́ǹtì ní ká mú káṣọ̀n fíì wá, a ní ṣebí ó ti wà lọ́wọ́ yín, ló bá yọ ìwé kan tí ọmọbìnrin yẹn ti fọwọ́ sí, déètì wà lórí ẹ̀, ìfọwọ́sí ẹ̀ tó máa ń fi ọkàn kékeré sí orí "i" wà níbẹ̀. Mo kàn ń wo ọkàn kékeré yẹn ni. Nígbà tá a pè é fóònù ẹ̀ ti kú, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ó gbé fọ́tò ọjọ́ ìbí sórí Instagram.

Nítorí náà, kí Ẹ̀gbọ́n yín tó gbé báàgì ẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kó kọ̀wé pé òun ti gba 25,000 òun, káṣọ̀n fíì tó wà lọ́wọ́ onílé kì í ṣe tòun mọ́. Kó fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

Wìgì_àti_Gáùnù

Lọ́yà ni mí, àmọ́ ẹ má lọ sọ níta pé mo ti gba ẹjọ́ yín o. Kí n kọ́kọ́ tún ti Ṣùúrùlérè ṣe. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, oṣù mẹ́fà tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó ń san réǹtì lóṣooṣù ló wà fún. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún bíi tiyín, ọdún kan ni wọn ò gbọdọ̀ gbà kọjá. Èyí tó sì máa pa ajẹ́ǹtì yín lẹ́nu mọ́ ni pé bó bá pè yín ní tẹ́náǹtì àtijọ́, ọdún kan ni, bó bá pè yín ní tẹ́náǹtì tuntun náà, ọdún kan ni. Ibi yòówù kó gbà, kò rí ọdún méjì níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí èyí náà: ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án lòfin bá wí, owó ìtanràn 100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ẹni tó sanwó náà jẹ̀bi.

Abúlé Ọjà wà lábẹ́ òfin yẹn. Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island ni wọ́n yọ sílẹ̀, àti ilé tí iléèwé fúnra ẹ̀ ní tàbí tó ń bójú tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtòṣìṣẹ́ ẹ̀, nítorí náà kí àwọn tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì má wulẹ̀ di òfin yìí mú.

Ní ti "& 3 Others", ó ràn yín lọ́wọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ó fi hàn pé onílé mọ̀ pé èèyàn mẹ́rin ló ń sanwó. Tó bá jẹ́ orúkọ Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yín ìbá le. Báwo lẹ ṣe san owó yẹn? Ṣé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ṣe tráńsífà síbẹ̀ ni àbí Ẹ̀gbọ́n ló kó o jọ?

Àmọ́ mummy onílé tọ̀nà níbì kan, òfin yẹn kan náà ní ayálégbé ò gbọdọ̀ gbé ilé tàbí apá kan nínú ẹ̀ fún ẹlòmíì láì jẹ́ pé onílé kọ̀wé pé òun gbà. Kì í ṣe ẹnu lásán, ìwé. Ẹ̀gbọ́n ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

ỌmọAbúléỌjà

Ẹ ṣé gan-an sà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló san tiẹ̀ sí àkáǹtì bàbá, a ṣì ní àláàtì ẹ̀ lórí fóònù, mo tiẹ̀ kọ "my share of rent" sí tèmi. Kọmíṣọ̀n àti ágírímẹ́ǹtì nìkan la fún ajẹ́ǹtì lọ́wọ́.

Wìgì_àti_Gáùnù

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Lọ sí báǹkì kí wọ́n fún yín ní sítétímẹ́ǹtì ọjọ́ yẹn, torí fóònù lè sọnù lọ́la. Ríṣíìtì tí ẹ máa gbà báyìí, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, iye owó, ojúlé, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ tó parí, òfin ló ní kí onílé fi gbogbo ẹ̀ sí i. Bó bá di kó ṣòro, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ẹ gbìyànjú bàbá ná.

ỌmọLeeds

Nígbà tí mo ṣe másítà ní Leeds níbí, àwa Nàìjíríà mẹ́rin la fọwọ́ sí ìwé kan, orúkọ gbogbo wa ló wà lórí ẹ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ẹnì kan bá sá, àwọn tó kù ló máa san tiẹ̀. Ẹnì kan sá lóòótọ́, ó ríṣẹ́ ní Birmingham, àwa mẹ́ta la pín réǹtì ẹ̀ san fún oṣù méjì kó tó di pé a rí ẹlòmíì. Ohun tó yọ wá ni pé láti 2019 wọ́n ti fòfin de owó rínúwà níbí, owó tí wọ́n á gbà láti fi orúkọ ẹnì kan rọ́pò ti ẹlòmíì, pọ́n-ùn 50 ni, àfi tí wọ́n bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ìnáwó àwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káṣọ̀n fíì náà, àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń dáàbò bò ó, onílé ò kàn lè mú un ná.

Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ bá máa kọ orúkọ yín sí ríṣíìtì, ẹ mọ̀ pé gbèsè yín náà ti di ọ̀kan o.

OníléBárígà

Leeds, o ṣeun, ọkọ mi. Pọ́n-ùn 50 yín yẹn, ìwọ náà ṣí i sí náírà wò.

Ṣùúrùlérè

😂😂😂 Lọ́yà, mo ti gba àtúnṣe mi, sà. Ọ̀rọ̀ fíríìjì ni ẹnikẹ́ni ò tíì dá sí, èmi fíríìjì ni mo wá gbọ́.

ỌmọAbúléỌjà

Òótọ́ ni. 140,000 la ra fíríìjì tòkunbọ̀ yẹn, àwa mẹ́rin dá 35,000, 35,000. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀ ti ya, àfi ká fi gààlọ́ọ̀nù omi tì í kó tó pa dé. Ẹ̀gbọ́n ní 35,000 òun ló máa pé pérépéré. Sítábíláísà tó wà lẹ́yìn ẹ̀, òun nìkan ló rà á.

ArẹwàAkọka

Fíríìjì tí gààlọ́ọ̀nù ń tì lẹ́nu, ẹnì kan ń bèèrè owó tuntun lórí ẹ̀? Ẹ fún un ní 15,000. Kó sì san owó PSP, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, ti oṣù tó jẹ, kó san tiẹ̀ nínú gbèsè mítà, kẹ́ ẹ tó ka nǹkan kan fún un. Àwọn ọkùnrin yìí, tí wọ́n bá ń lọ tán ìdọ̀tí á wá di ti ẹlòmíì.

Ajẹ́ǹtìYábàá

Kí wọ́n sì ya fídíò inú ilé kí Ẹ̀gbọ́n tó kó jáde, pàápàá ògiri ibi tó ń sùn, sínkì, àti lúfà. Bó bá di ọjọ́ kan tí onílé ní wọ́n ba nǹkan jẹ́, ẹ á mọ èyí tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ àtèyí tí ọmọ tuntun ṣe.

ỌmọAbúléỌjà

Mo padà dé o, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ìdánwò kan ti kọjá, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ọwọ́ ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ la ti gba ojúlé bàbá. A lọ ní Sátidé, àwa mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tuntun yẹn, àti màmá rúùmeètì mi kan tó ń ta aṣọ ní Mùṣín náà, òun ló sọ pé kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ló máa lọ. Bàbá wà lórí àga ìta, ó ń gbọ́ rédíò. Màmá kúnlẹ̀, àwa dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó pe òfin lórúkọ. Mo kàn fi rọra bi í pé "bàbá, ọdún méjì tí wọ́n ní ká san yẹn, ẹ bá wa ṣe é ní ọdún kan". Bàbá pa rédíò. Ó ní "ọdún méjì wo?" Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá ò gbọ́ ọdún méjì rí láyé! Ó ní 1.5 lòun sọ, ọdún kan, òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ kọmíṣọ̀n. Ó pe ajẹ́ǹtì lójú wa, ó fi sí sípíkà, ajẹ́ǹtì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1.4, ìyẹn 350,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ágírímẹ́ǹtì, ó ní ká mú 40,000 wá fún akọ̀wé òun, kò sí kọmíṣọ̀n. Ó wá kọjú sí ọmọ tuntun, ó gba káàdì iléèwé ẹ̀, ó wo fọ́tò, ó wo ojú ẹ̀, ó ní kó pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n tiẹ̀ rí i pé ìlú kan náà ni wọ́n ti wá, láti ìgbà yẹn ló ti ń pe ọmọ náà ní "ọmọ wa". Àwa tá a ti gbélé ẹ̀ lọ́dún kan, kò mọ orúkọ wa.

Ẹ̀gbọ́n nìyẹn, bàbá ní "ìwọ lo gbowó?" Kò lè gbójú sókè. Ojú ẹsẹ̀ ló ṣe tráńsífà 350,000 sí àkáǹtì bàbá, ó dá 25,000 tó lé padà fún ọmọ náà, ó kọ̀wé bí ArẹwàAkọka ṣe wí, mo ya fọ́tò ẹ̀. Mummy OníléBárígà, ẹ ṣeun mà, káàdì iléèwé yẹn ló là wá.

Akọ̀wé fẹ́ kọ ríṣíìtì, ó kọ orúkọ mi, ó kọ àmì "&" tán, ó ti ń kọ 3, mo di bírò ẹ̀ mú. Mo ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ gbogbo wa". Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní ààyè ò tó. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ríṣíìtì, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún kọ pé káṣọ̀n fíì 100,000 ti ọdún tó kọjá ṣì wà lọ́wọ́ onílé, bàbá fọwọ́ sí iwájú àtẹ̀yìn.

Wìgì_àti_Gáùnù

Ọmọ dáadáa. Ti ẹ̀yìn ríṣíìtì yẹn, ya fọ́tò ẹ̀ náà, kó o fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara ẹ.

Ajẹ́ǹtìYábàá

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Ojú tì mí fún ẹgbẹ́ wa.

Ṣùúrùlérè

Fíríìjì ń kọ́?

ỌmọAbúléỌjà

20,000 la fẹnu kò sí, ọmọ tuntun á gba 15,000 padà nínú 35,000 ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ní ìparí oṣù lòun máa dá a padà. Àmọ́ nígbà tá a jí láàárọ̀ àná, Ẹ̀gbọ́n ti gba ọ̀nà kám̀pù lọ, ó sì ti yọ sítábíláísà ẹ̀ dání. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ẹ̀ ní Yábàá tí ò wọ́n? Ẹran wà nínú fíríìjì o.